Àga Tó Ní Ìyá Ìyàwó Wúwo

Pí-pí-pí-pí!

Àga tún ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ àga, ó ń wo iná pupa tó ń ṣẹ́jú lára àpótí kékeré abẹ́ ìjókòó.

Iṣẹ́ Tẹ́ẹ́rẹ́ ni kó máa tún ẹ́ńjìnnì oníná ṣe. Àga yìí ló máa ń gbé ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ gun àtẹ̀gùn ilé, nítorí pé orúnkún ń dun ìyá. Bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tí kò tíì gbà láti fún un lọ́mọ fẹ́, ti fẹ̀yìn ti sọ́fà.

"Tó o bá tún un ṣe lónìí, a ó jọ sọ̀rọ̀. Tó ò bá rí i ṣe, ó dàárọ̀ o."

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Tẹ́ẹ́rẹ́ gbọ́ èdè iná yẹn dáadáa. Tó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, wáyà ló já. Lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ́ńjìnnì ló gbóná. Lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹni tó jókòó ló wúwo jù.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin géérégé ló ń ṣẹ́jú!

Ìyá ọ̀hún sì rèé lórí àga, ó kún un dẹ́múdẹ́mú.

"Kí ló ní?" Màmá béèrè.

"Ó ní... ó ní kí n kí yín, Mà."

Ẹ̀rín ń pa mí!

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀, Mà."

Màmá dìde. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ bọ́tìnnì. Fììììì! Àga òfìfo gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Màmá jókòó padà.

Gbì! Pí-pí-pí-pí!

Bàbá ń wo àjà. Àfẹ́sọ́nà Tẹ́ẹ́rẹ́ ń wo èékánná ọwọ́ rẹ̀.

"Àbí mo sanra jù ni?"

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fúyẹ́ bí òwú! Gbogbo ẹni tó bá jókòó sí i ló ń pariwo mọ́. Ẹ jẹ́ kí èmi náà jókòó, kẹ́ ẹ wò ó!"

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí ara rẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́! Ẹni tí fáànù máa ń tì kiri!

"Ẹ jẹ́ n lọ tọ̀ ná, Mà."

Ẹ̀yìnkùlé ló sá gbà. Ó rọ sípánà, nọ́ọ̀tì àti òòlù méjì sínú àpò ṣòkòtò. Ó wo búlọ́ọ̀kù kan lójú, àánú ṣòkòtò ṣe é. Ó wá ń rìn bọ̀ bí pẹ́pẹ́yẹ tó fẹ́ yé ẹyin.

"Kí ló ń dún wọnwọn lára ẹ?" Bàbá bi í.

"Egungun mi ni, sà."

Ó jókòó. Gbì! Pí-pí-pí-pí!

"Ẹ ò rí i!" Màmá pàtẹ́wọ́. "Èmi àti ọwọ̀ ìgbálẹ̀ yìí, ọ̀kan náà ni wá!"

Tẹ́ẹ́rẹ́ dìde láti dúpẹ́.

Ṣòkòtò kò bá a dìde.

Gbàràgàdà! Wọnranwọnran! Òòlù bọ́ sábẹ́ tábìlì, nọ́ọ̀tì ń yí gbirigbiri lọ bá Bàbá lẹ́sẹ̀. Pátá Tẹ́ẹ́rẹ́ sì lu jára bí asẹ́!

Yéè, ìhà mi o!

Tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fa ṣòkòtò. Ibẹ̀ lojú rẹ̀ ti bá ẹ̀yìn àpótí, níbi tí wọ́n ti ń yan ìwọ̀n ẹrù tí àga gbọ́dọ̀ gbé. Ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ yí i wálẹ̀ pátápátá. Bó ṣe wà yẹn, kódà bí adìyẹ bá bà lé àga, yóò pariwo!

"Háà! Màmá, ẹnì kan ló yí..."

"Hẹ̀m!" Bàbá wúkọ́. "Hẹ̀m! Hẹ̀ẹ̀ẹ̀m!"

Òógùn ti bò ó. Tẹlifíṣọ̀n ń ké "Góòòlù!" lókè lọ́hùn-ún. Láti ìgbà tí àga ti kọṣẹ́, Bàbá nìkan ló ń gòkè lọ wo bọ́ọ̀lù, Màmá kò lè gòkè lọ rán an níṣẹ́ mọ́.

Tẹ́ẹ́rẹ́ wo Bàbá. Bàbá wo Tẹ́ẹ́rẹ́, tòun ti pátá.

"Ta ló yí kí ni?" Màmá béèrè.

"Ọkọ ọmọ mi," Bàbá sáré dáhùn, "fa ṣòkòtò ẹ sókè. Ọjọ́ wo la fẹ́ fi ìgbéyàwó yìí sí?"