Abíọ́nà àti Ilẹ̀kùn Fífà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ṣèlérí fún yín tọkàntọkàn pé ìtàn yìí ò ní gùn. Wọ́n ní èyí tí mo sọ kẹ́yìn gùn. Ọkùnrin kan tó jókòó gbọ́ ọ hu ewú kí n tó parí rẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ sì wá bá mi. Ti òní ò ní rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá tutọ́ sílẹ̀ báyìí, màá ti parí kí ó tó gbẹ.

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹsẹ̀ ìbáà yára bí ìjì, ọwọ́ ló ń ṣílẹ̀kùn? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ ń mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ má tijú. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n títí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi sọ fún mi, òun náà sì jẹ́wọ́ pé òun ò ní ẹ̀rí.

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ìmùlẹ̀. Àdúgbò méjì ló wà níbẹ̀: Òkè Ìrókò lápá òkè, Ìsàlẹ̀ Odò lápá odò. Ààfin ọba wà láàárín méjèèjì. Ìlú náà ní ọba, ó ní odò, ó ní ewúrẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ tajà á ru ẹrù rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, á rìn títí oòrùn á fi kan àtàrí kó tó dé ọjà ìlú ẹlòmíràn.

Òkè Ìrókò ni Abíọ́nà ń gbé pẹ̀lú Ìbídùn ìyàwó rẹ̀, tó ń mọ ìkòkò tà. Ojú ọ̀nà oko ni ìyá Abíọ́nà bí i sí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ náà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa ní kò tíì dúró láti ọjọ́ yẹn. Eré ló ń sá lọ sóko, eré ló ń sá lọ sódò. Tí wọ́n bá rán an lọ fọn iná wá, á ti dé kí ẹni tó rán an tó rántí pé òun rán an níṣẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ki bí ìdí odó. Ọwọ́ rẹ̀ wá ńkọ́? Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rí bí pákò tí wọ́n ti rin kù sí ìdajì.

Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣe àáró, tí wọ́n ń kó ara wọn jọ láti bá ẹnìkan kọ ebè, Abíọ́nà ló máa ń kọ́kọ́ dé oko. Òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ padà sílé. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé òun rí i níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Ìbídùn bá ń lọ tajà, á di ìkòkò mẹ́fà sínú àwọ̀n, á ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e rù." Abíọ́nà á di àwọ̀n mú. Á mí. Á tún mí. Lẹ́yìn náà, á sáré lọ pe aládùúgbò wá. Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó máa ń tètè pè é dé.

Ó wá di ọdún kan, Onímùlẹ̀, ọba ìlú náà, sọ pé ó tó àsìkò kí ìlú òun ní ọjà tirẹ̀. Òkè Ìrókò ní ọ̀dọ̀ àwọn ni kí wọ́n dá a sí. Ìsàlẹ̀ Odò ní kò sóhun tó jọ ọ́. Wọ́n fi oṣù mẹ́ta jiyàn níwájú ọba, títí etí ọba fi ń dún nígbà tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Ọba wá ní, "Ó tó. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mú ẹnìkan wá. Kí wọ́n sáré láti ìdí àràbà ààlà oko wá sínú ààfin mi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ níwájú mi nínú ààfin, àdúgbò rẹ̀ ló ni ọjà. Láti ìdájí ọjọ́ náà, n kò ní fẹnu kan oúnjẹ títí ẹni náà á fi dé." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọba tó bá yó ò lè dájọ́ eré ìje. Oorun ni yóò gbé e lọ.

Òkè Ìrókò ò tiẹ̀ ṣèpàdé kí wọ́n tó mú Abíọ́nà. Ó délé, ó sọ fún Ìbídùn pé, "Ìrìn rẹ ti parí. Iwájú ilé wa níbí lo máa pàtẹ ìkòkò sí."

Ìbídùn wo ọrùn ara rẹ̀ nínú omi ìkòkò. Ọdún mẹ́jọ ló ti fi ń ru ẹrù lọ sí ọjà yẹn, ó sì dá a lójú pé ọrùn òun gùn nígbà tí òun wọlé ọkọ. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bá Bàbá Ọdẹ́tọ́lá ná. Ẹ má fi ti ẹsẹ̀ nìkan lọ síbẹ̀."

Ọdẹ tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá Ọdẹ́tọ́lá. Nígbà èwe rẹ̀, ó ti sáré lé ẹranko, ẹranko sì ti sáré lé e, nítorí náà ó mọ iṣẹ́ náà ní tibú-tòró. Ó ní kí Abíọ́nà jókòó. Abíọ́nà ní òun lè gbọ́ lórí ìdúró.

Bàbá ní, "Ọ̀sẹ̀ wa, ọjọ́ mẹ́rin ni." (Márùn-ún la máa ń kà á sí. Ẹ má bi mí ní ìdí rẹ̀, mo ṣèlérí pé ìtàn yìí ò ní gùn.) "Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ ẹsẹ̀. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ ọwọ́. Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ ẹsẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ ẹ̀yìn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé..."

Abíọ́nà ti lọ. Ó ti kọjá ilé kẹta kí Bàbá tó débi ìtumọ̀. Bàbá Ọdẹ́tọ́lá parí àlàyé náà fún ajá rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀: ní ọjọ́ ọwọ́, kí ó gúnyán, kí ó kọ ebè, kí ó sì fa omi nínú kànga, ní ọjọ́ ẹ̀yìn, kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ó sinmi. Wọ́n ní ajá náà sanra dáadáa lọ́dún yẹn.

Abíọ́nà ò fi ọjọ́ kan ṣòfò nínú ohun tó gbọ́. Ní ọjọ́ ẹsẹ̀, ó sáré. Ní ọjọ́ ọwọ́, ó sáré, ó sì ń juwọ́ sí gbogbo ẹni tó bá rí. Àwọn èèyàn ní òkìkí eré ìje náà ti jẹ́ kó yá mọ́ni. Ní ọjọ́ ẹ̀yìn, ó sáré sẹ́yìn-sẹ́yìn. Ìkòkò mọ́kànlá ló fọ́ nílé láàárín oṣù kan. Ìbídùn ṣa àpáàdì wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Ẹni tí Ìsàlẹ̀ Odò mú ni Akínfẹnwá, atukọ̀ tó ń tu èèyàn sọdá odò. Ó fi bí ọdún mẹ́wàá ju Abíọ́nà lọ, kò sì yára. Lónìí á tukọ̀, lọ́la á sáré díẹ̀ létí odò, lọ́túnla á bá ìyàwó rẹ̀ gúnyán, ní ọjọ́ kẹrin á sùn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Bí ọkọ̀ àti ebi ṣe rí ni.

Ọjọ́ eré ìje wá kò. Kí n tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀kùn ààfin. Igi ìrókò ni wọ́n fi ṣe é, ó nípọn, òrùka irin ńlá kan sì wà lójú rẹ̀. Ìta ló ń ṣí sí. Baba baba ọba ló ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ọ̀tá má baà fi èjìká tì í wọlé. Ọ̀tá kankan ò sì wá rí, nítorí náà a ò lè sọ pé ilẹ̀kùn náà ò ṣiṣẹ́. Lójoojúmọ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì ló máa ń ṣí i sílẹ̀ gbayawu láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, àwọn ẹ̀ṣọ́ méjèèjì ti gun òkè lọ wòran eré ìje. Wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé kí wọ́n tó lọ, kí ewúrẹ́ má baà wọlé lọ jẹ iṣu ọba. Àbí kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe?

Wọ́n fọn fèrè. Abíọ́nà ta sọ́nà. Akínfẹnwá náà gbéra, bí ẹni tó rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé.

Nígbà tí Abíọ́nà dé ẹnu ọ̀nà ààfin, eruku Akínfẹnwá ò tíì hàn lọ́ọ̀ọ́kán. Inú rẹ̀ dùn. Ó ń fojú inú rí àtẹ ìkòkò Ìbídùn níwájú ilé wọn kedere bí ojúmọ́. Ó na ọwọ́ sí òrùka irin, ó fà á. Ilẹ̀kùn ò mì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Ilẹ̀kùn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan wà níta. Ó kan ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n bí ó ṣe kàn án ni ewúrẹ́ ń fi ìwo kàn án lálaalẹ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ta á nípàá. Ìpá náà lágbára gan-an, ó sì mú kí ilẹ̀kùn tún wọ àyè rẹ̀ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó ronú. Ó ní bí ọwọ́ òun ò bá lè fà á, kí ló dé tí ẹsẹ̀ òun ò ní fà á? Ó tú ọ̀já tó fi di ṣòkòtò rẹ̀, ó so etí kan mọ́ òrùka, ó so etí kejì mọ́ ìbàdí ara rẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó sáré.

Ọ̀já já. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbéra, ẹ sì rántí pé dídúró kò sí nínú ohun tó kọ́. Ó sáré kọjá ìdí ọ̀pẹ, ó sáré kọjá kànga, ó fọwọ́ kan gbá ṣòkòtò mú, títí ó fi pàdé Akínfẹnwá tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́.

Akínfẹnwá wò ó. Ó ní, "Àbúrò, ṣé ibi tí à ń lọ ti yí padà ni?"

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. Mo ní kí n wá wo bí ẹ ṣe ń ṣe ni."

"Mo ń ṣe dáadáa. O ṣeun."

"Kò tọ́pẹ́," ni Abíọ́nà wí, ó sì yí padà.

Ẹnu ọ̀nà náà ni Akínfẹnwá tún ti bá a. Ó kí i kú ìdúró. Ó di òrùka mú, ó fẹ́ fà á, àfi bí ó ṣe bojú wẹ̀yìn. Abíọ́nà ti tẹ̀ síwájú, ó gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó tẹjú mọ́ ibi tí ilẹ̀kùn máa là sí.

"Kí lo tẹ̀ báyìí fún?"

"Ẹ̀yìn ló ń ro mí, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀yìn tó ń ro ọ́ yìí, iwájú ló kọjú sí." Akínfẹnwá fi òrùka sílẹ̀. "Bí mo bá ṣí i, o máa gba abẹ́ apá mi wọlé."

Abíọ́nà kì í pa irọ́ kẹta. Ó tún tẹ̀ síwájú díẹ̀.

Akínfẹnwá bá jókòó. Ó mú iṣu sísun jáde nínú àpò, ó sì fi lọ àbúrò rẹ̀. Ẹni tó lè ṣílẹ̀kùn ò fẹ́ ṣí i, ẹni tó fẹ́ ṣí i ò lè ṣí i. Àwọn ará àdúgbò méjèèjì dé, wọ́n dúró yí wọn ká. Òkè Ìrókò ní kí Akínfẹnwá ṣílẹ̀kùn, ó jẹ́ àgbà. Ìsàlẹ̀ Odò ní kí Abíọ́nà ṣí i, òun ló kọ́kọ́ dé. Bàbá Ọdẹ́tọ́lá náà dé pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ó wo Abíọ́nà, ó wo òrùka, ó ní, "Ọjọ́ ọwọ́ ńkọ́?"

"Mo ṣe é, Bàbá. Mo juwọ́ títí."

Bàbá wo ajá rẹ̀. Ajá wo ilẹ̀. Ìbídùn fi gèlè bojú.

Nínú ààfin, ọba ò tíì jẹun láti ìdájí. Oòrùn ti kan àtàrí. Òórùn iṣu sísun Akínfẹnwá gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá bá a lórí ìtẹ́. Ọba fara dà á, ó tún fara dà á, lẹ́yìn náà ó dìde, ó wá sí ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀, ó sì fọwọ́ ti ilẹ̀kùn.

Mo ti sọ pé ìta ló ń ṣí sí. Abíọ́nà sì tẹ̀ síwájú níbẹ̀. Ilẹ̀kùn gbá a níwájú orí, ó sì nà gbalaja lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí Akínfẹnwá ṣe rí ọba, ó dọ̀bálẹ̀ tiṣutiṣu.

Òkè Ìrókò ní Abíọ́nà ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Ìsàlẹ̀ Odò ní àyà là ń fi dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yìn lèyí fi lélẹ̀. Òkè Ìrókò ní ọjọ́ ẹ̀yìn ni wọ́n wà. Ọba nawọ́ sókè, ó ní:

"Nínú ààfin ni mo wí. Ta ló wà nínú ààfin?"

"Kò sí, Kábíyèsí."

"Ẹsẹ̀ ta ló yára jù?"

Abíọ́nà dáhùn látẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé, "Tèmi ni, Kábíyèsí."

"Ọwọ́ ta ló ṣílẹ̀kùn?"

Gbogbo ìlú wo ọwọ́ ọba.

Ọba ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ni ọjà. Iwájú ààfin mi níbí ni kí wọ́n dá a sí." Ó na ọwọ́ kan náà, ó gba iṣu tó kù lọ́wọ́ Akínfẹnwá, ó sì wọlé.

Báyìí ni ọjà Ìmùlẹ̀ ṣe wà níwájú ààfin títí dòní. Ìbídùn ò pàtẹ síwájú ilé, ṣùgbọ́n ìrìn tó ń gba odidi àárọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ wá dín kù sí ìwọ̀n ìgbà tí ọbẹ̀ fi ń hó. Ó ní òun ò bínú, tí ọkọ òun bá lè gbé ìkòkò ru òun. Ọba ló wá nǹkan ṣe sí ìyẹn. Ó lé àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì yẹn lọ sóko, ó sì fi Abíọ́nà jẹ Aṣílẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kìíní á sáré. Lọ́jọ́ kejì, á fa ilẹ̀kùn títí á fi ṣí. Lọ́jọ́ kẹta á sáré. Lọ́jọ́ kẹrin, á fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ewúrẹ́ ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní àwọn ọjọ́ tó kù. Kí ọdún tó yípo, ó ń gbé àwọ̀n ìkòkò mẹ́fà ru Ìbídùn, kò sì mí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ń sáré láàárọ̀ lálẹ́, tí kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ kan, ẹ rọra pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ sọ fún un pé ẹsẹ̀ ìbáà yára bí ìjì, ọwọ́ ló ń ṣílẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n òwe nìkan ni kí ẹ sọ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Òkè Ìrókò ṣì ń sọ pé àwọn ló borí, Ìsàlẹ̀ Odò náà ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì sì mọ ilé mi. Ìlú náà kúkú ń jẹ́ Ìmùlẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìmùlẹ̀ kì í jáde síta.