Kóòtù Jọ́ọ̀sì Lábẹ́ Oòrùn Ọ̀sì

Ọjọ́ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ darúgbó débi pé mo gbàgbé orúkọ ara mi. Ọjọ́ Sátidé ni, nínú oṣù Ẹrẹ́nà, láyé ìgbà tí mo jẹ́ tíṣà tuntun ní Ìlọ́fà, tí mo gbà pé kò sí ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn tó gbọ́n tó mi láti Ìlọ́fà títí dé Òbó. Ọjọ́ náà ni mo lọ fi ara mi han bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Fọlákẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀sì ni, tíṣà sì ni òun náà. Ó ti tó ọdún kan tí a ti ń bá ara wa bọ̀ kí ó tó sọ fún mi pé bàbá òun fẹ́ rí mi.

Ooru ọdún yẹn kì í ṣe kékeré. Òjò tó yẹ kó ti rọ̀ kọ̀, kò rọ̀. Bí ó bá ti di agogo mẹ́wàá àárọ̀, àwọn ewúrẹ́ á ti sá wọ abẹ́ àká, àwọn àgbẹ̀ á ti ti oko dé, wọ́n á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, ó sì di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó tún yọjú. Gbogbo ìlú ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá ooru gbé. Èmi náà mọ̀ ọ́n láti kékeré, àmọ́ mo ti di tíṣà.

Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ti gbé Jọ́ọ̀sì rí ló yá mi ní kóòtù. Kóòtù onípele mẹ́ta ni: ti òkè, èyí tí kò lápá tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, àti ṣòkòtò. Irun àgùntàn ni wọ́n fi hun aṣọ náà, òtútù Jọ́ọ̀sì ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ rán an, ó nípọn bíi kúbùsù. Ọ̀rẹ́ mi fi ìmọ̀ràn kan kún un. Ó ní tí mo bá dé ilé àna, n kò gbọdọ̀ gba omi tí wọ́n bá gbé fún mi, kí wọ́n má baà sọ pé ọ̀kánjúà ni mí. Ó ní kí n kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rẹ́ mi yìí kò tíì fẹ́yàwó o, àmọ́ n kò ronú kan ìyẹn nígbà náà.

Nígbà tí màmá mi rí mi, ó ní kí n lọ wọ bùbá àti ṣòkòtò mi, kí n mu omi dáadáa, kí n sì dúró di ìrọ̀lẹ́ kí n tó máa lọ. Mo dá a lóhùn pé ayé ti yí padà. Ó ní oòrùn kò tíì yí padà ní tiẹ̀.

Lọ́rì tó kó iṣu ni mo wọ̀. Kí a tó dé Ọ̀sì, lọ́rì náà dẹnu kọlẹ̀. Àwọn èrò yòókù bọ́ sábẹ́ igi mángòrò, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Èmi wo aago ọwọ́ mi, mo ní n kò ní pẹ́ dé ilé àna, mo sì ki ọ̀nà mọ́lẹ̀. Mo rìn tó wákàtí kan nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ìyá kan tó ń ti odò bọ̀ dúró, ó ní kí n bu omi mu, torí ojú mi kò dára. Mo kọ̀ ọ́. Mo ń fi tirẹ̀ dánra wò ni.

Fọlákẹ́ ti rí mi lókèèrè, ó sì gbé ife omi wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo kọ̀. Ó rọra ní kí n mu ún, mo tún kọ̀. Ó ní ojú mi ti pọ́n o. Mo rí omi náà tó ń dán nínú ife, itọ́ gbẹ lẹ́nu mi, mo sì kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, inú mi dùn pé mo ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ mi.

Bàbá rẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àjíkẹ́. Iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni pèpéle símẹ́ǹtì wà, níbi tí wọ́n ń sá ẹ̀gẹ́ sí. Orí símẹ́ǹtì yẹn ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí. Ó gbóná bí agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí. Mo rò pé wọ́n á ní kí n dìde lójú ẹsẹ̀. Àṣé àgbà ìjọ Aládùúrà ni bàbá Fọlákẹ́. Bí ó ti rí ẹ̀yìn mi nílẹ̀, ó ní kí a gbàdúrà.

Ta ló máa dìde nígbà tí àna rẹ̀ bá ń gbàdúrà fún un? Bàbá gbàdúrà fún wíwá mi, ó gbàdúrà fún àwọn òbí mi, ó gbàdúrà fún lọ́rì tó gbé mi àti dírẹ́bà rẹ̀. Ó bọ́ sórí àwọn ọmọ iléèwé mi, ó sì ń dá wọn lórúkọ ní kíláàsì-kíláàsì. Níbẹ̀rẹ̀, àmín mi ń dún ketekete. Nígbà tó dé ìwé mẹ́ta, ètè mi nìkan ló ń mì. Ìwé mẹ́rin ni mo gbọ́ kẹ́yìn.

Fọlákẹ́ ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní nígbà tí bàbá òun kò gbọ́ àmín mọ́, tó rí i pé ara mi ń gbọ̀n, ó ní Ẹ̀mí ti gbé mi, ó sì tún gbé ohùn sókè sí i. Ìyá Àjíkẹ́ ló fọwọ́ kàn án.

“Àbúrò, ṣíjú rẹ. Wárápá ni.”

Àdúrà dákẹ́. Ìyá arúgbó tó bí bàbá Fọlákẹ́ ló jáde láti inú ilé, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi.

“Éè ṣe wárápá. Ooru ni. Ẹ gbé e kúrò nínú oòrùn, kó má baà kú mọ́ wa nínú ulé.”

Wọ́n gbé mi sábẹ́ igi. Wọ́n bọ́ kóòtù, wọ́n bá òmíràn lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n bọ́ ìyẹn, wọ́n tú táì, wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n tún bá síńgílẹ́ẹ̀tì. Ìyá Àjíkẹ́ béèrè bóyá ènìyàn tiẹ̀ wà nínú rẹ̀ rárá. Nígbẹ̀yìn wọ́n bọ́ ṣòkòtò náà. Ìyá arúgbó fi aṣọ tútù sí mi lọ́rùn àti abíyá, ó ní kí wọ́n máa fẹ́ mi, ó sì ń bu omi inú ìkòkò lé mi lára.

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo jí ni ohùn Ìyá Àjíkẹ́, tó ń sọ pé àwọn kò lè fi ọmọ àwọn fún oníwárápá. Lóde òní, a mọ̀ pé àìsàn bí àìsàn yòókù ni, ó sì ní ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Nígbà náà, bí wọ́n bá ti fi orúkọ yẹn pe ènìyàn, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti parí. Mo sì fẹ́ràn Fọlákẹ́ gan-an. Mo fò dìde láti lọ dọ̀bálẹ̀ kí n sì búra. N kò rántí pé pátá nìkan ló kù lára mi. Mo gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, òyì kọ́ mi, mo sì ṣubú lulẹ̀ níwájú Ìyá Àjíkẹ́ gan-an. Ẹ̀rí tó ń wá nìyẹn.

Bàbá ní n kò ní lọ síbì kankan títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí àwọn lè mọ ohun tó ń ṣe mí. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọ̀gá iléèwé mi, ìyẹn ni gbogbo Ìlọ́fà sì fi gbọ́. Aṣọ ìró ìyá arúgbó ni mo ró fún ọjọ́ mẹ́ta, nítorí kóòtù náà ti sún kì nínú omi débi pé ọmọ tó wà ní ìwé mẹ́ta ló lè wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti Bàbá ti dé oko kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Bí a bá kọ ebè díẹ̀, á ní kí n mu omi, òùngbẹ ì báà gbẹ mí tàbí kó má gbẹ mí. Kí oòrùn tó mú, a ti padà sílé, a ti wà lábẹ́ igi. Ní ọ̀sán, Ìyá Àjíkẹ́ á gbé àpótí wá, á jókòó kọjú sí mi, á máa wò mí. Bí mo bá sín, á dìde. Kòkòrò rìn lẹ́sẹ̀ mi níjọ́ kan, n kò jẹ́ họ ọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá pè mí síwájú gbogbo wọn.

“Wárápá kò ṣe ọ́,” ni ó wí. “Àmọ́ ọmọ mi gbé omi fún ọ lẹ́ẹ̀mẹta, òùngbẹ sì ń gbẹ ọ́, o kọ̀. Bí o kò bá lè tọrọ omi lọ́wọ́ wa, báwo lo ṣe fẹ́ tọrọ ọmọ?”

Ìtìjú mú mi. Mo kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mu omi.”

Fọlákẹ́ ló gbé e wá. Ife mẹ́ta ni mo mu láìsinmi, Bàbá sì ní kí n lọ kó àwọn ènìyàn mi wá.

Láti ìgbà náà, bí ooru bá mú mi, mo máa ń sọ ọ́. Mo ń mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ mí, mo ń wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, n kì í sì í bá oòrùn ọ̀sán díje mọ́, ẹni yòówù tí ì báà máa retí mi. Ìyá Àjíkẹ́ ló ní àárín ìgbà òjò ni a gbọ́dọ̀ ṣe ìgbéyàwó náà, bẹ́ẹ̀ náà la sì ṣe. Òjò rọ̀ láti òwúrọ̀, òtútù mú gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀, nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna mi, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo yí ojú díẹ̀, mo sì rí Ìyá Àjíkẹ́ tó dúró tì mí pẹ̀lú korobá omi lọ́wọ́. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí níbi tí mo dojú bolẹ̀ sí, gbogbo ara mi ń gbọ̀n, bó sì ṣe da omi náà lé mi lórí nìyẹn.