Ọ̀jọ̀gbọ́n Ruan, Ọ̀nà-ọ̀fun Àwọn Baba Ńlá

Ní Luoyang nílẹ̀ Ṣáínà, ẹni tó bá wúkọ́ kó tó kí yín, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ruan Tingzhang ni. Ó ní ikọ́ lásán kọ́, pé bẹ́ẹ̀ gan-an làwọn ará ìgbàanì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ joyè Ọ̀nà-ọ̀fun Àwọn Baba Ńlá. Kò sẹ́ni tó bá a du oyè náà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti mọ bí àwọn ará ìgbàanì ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Wọ́n ń wo ọ̀rọ̀ tó bára dún nípẹ̀kun ìlà ewì àtijọ́, wọ́n ń fetí sẹ́nu àwọn ará Fujian, tí ohùn àtijọ́ ṣì kù lẹ́nu wọn, wọ́n ń yẹ ọ̀rọ̀ táwọn ará Korea yá lọ́wọ́ Ṣáínà láyé ọjọ́un wò. Lẹ́yìn òógùn, wọn á ní, "Ó jọ pé báyìí ni wọ́n ṣe ń pè é." Ruan kì í sọ "ó jọ".

"Ẹ̀rí dà, Olùkọ́ Ruan?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Pang Suyin, ọ̀kan nínú wọn, máa ń bi í.

"Ìwọ máa wá ẹ̀rí, Suyin. Èmi ń gbọ́ ohùn!"

Ìjọba ìlú wá kọ́ Ilé Ohùn Àtijọ́, wọ́n ń wá olùdarí. Wọn ò tíì mú ẹnì kan tí Ruan ti gbé ife tíì rẹ̀ sórí tábìlì olùdarí.

Lọ́jọ́ ìṣílé, wọ́n so òdòdó pupa ràgàjì mọ́ ọn láyà. Ó gorí ìtàgé, ó ké ewì àtijọ́ kan nípa odò: ó kùn bí ọlọ, ó han bí àgbò tí okùn fún lọ́rùn. Omijé lé ròrò lójú Ọ̀gbẹ́ni Kou, olórí ìlú.

"Olùkọ́ Ruan, ẹ kọ́ wa! Bíi ti ilé ìwé, ẹ kà, ká kà tẹ̀lé yín."

Ta ni kò kàwé bẹ́ẹ̀ rí? Ruan ké ìlà kan, gbọ̀ngàn ké e padà, títí gbogbo rẹ̀ fi mọ́ wọn lẹ́nu. Òdòdó ń jó láyà ọ̀gá.

"Ó yá, gbogbo wa, látìbẹ̀rẹ̀!" ni Kou wí.

Irọ́ tó bá máa gorí ìtàgé, kó rántí ohun tó sọ kẹ́yìn. Gbọ̀ngàn gba ọ̀tún, Ruan gba òsì.

"Ẹ dúró! Ẹ̀ ń ṣì í kà!"

"Ohun tẹ́ ẹ kọ́ wa la kà o!" ni obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn.

Kou tẹjú mọ́ Ruan. "Ẹ̀yin nìkan, ẹ kà á."

Ruan kà á. Òmíràn pátápátá tún jáde.

"Olùkọ́ Ruan," ni Pang wí, "baba ńlá wo ló ni ti àkọ́kọ́, èwo ló ni èyí?"

"Wọn… wọn kì í ṣe ará abúlé kan náà."

Ẹ̀rín bú. Kou fọwọ́ ara rẹ̀ tú òdòdó náà. "Ife tíì yín wà lórí tábìlì olùdarí. Ẹ lọ gbé e."

Ruan dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà láti dágbére, ó wúkọ́.

Gbogbo gbọ̀ngàn wúkọ́ tẹ̀lé e.