Ọjọ́ Tí Ẹja Múní Ń Yọ́

Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà Ìta-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi máa ń pa á lówe pé ẹni tí ẹja rẹ̀ ń yọ́ kì í bá rẹfirí jà? Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ rí. Bí wọ́n bá ti pa á, ẹ ó máa mi orí bí ẹni pé ó yé yín. Kò yé yín. Ẹ sún mọ́bí, kí ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni, nígbà tí Múnírátù tó ń ta ẹja tútù jí, tí kò gbọ́ ariwo kankan. Àwa tó kù, ariwo ni kì í jẹ́ ká sùn. Ẹni tó ń ta ẹja tútù, ìdákẹ́jẹ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Múní fọwọ́ kan ara fíríìsà rẹ̀, kò gbọ̀n. Ó ṣí i. Títù àti kòtè tí wọ́n já fún un ní àná ṣì le bí òkúta nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n omi ti ń kán tó, tó, láti etí páálí tó wà lókè. Gbogbo ohun tí Múní fi ń jẹun láyé ló wà nínú fíríìsà yẹn. Tí wọn ò bá tún un ṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹja lọ, ṣọ́ọ̀bù náà lọ.

Kí ẹ sì mọ irú ẹni tí Múní jẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bá a ṣiṣẹ́ tí kò tíì gbọ́ èébú ẹnu rẹ̀. Télọ̀ tó rán ẹ̀wù rẹ̀ fún jù, ó gbọ́. Onígáàsì tó rọ afẹ́fẹ́ sí sílíńdà rẹ̀, ó gbọ́. Nígbà tí àwọn oníná mú iná àdúgbò lọ, òun ni wọ́n rán sí ọ́fíìsì, akọ̀wé tó bá níbẹ̀ sì gba ojú fèrèsé jáde. Àmọ́ gbogbo ìyẹn, ìdánrawò lásán ni. Sátidé ni ọjọ́ iṣẹ́ gan-an, tí àwọn ọmọ Ìta-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ń gbá básíkẹ́tì ní pápá ilé ẹ̀kọ́ girama. Àwọn ọmọ náà a máa ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n, Múní a máa ju ọ̀rọ̀ lu rẹfirí.

"Rẹfirí, gíláàsì ẹ dà?" Ìyẹn ló fi ń ṣí eré. Tó bá gbóná tán, á ní, "Rẹfirí, ojú yẹn, ṣé tìẹ ni, àbí o yá a?" Tí ìdajì eré bá ti lọ, á ní, "Rẹfirí, tí ìyàwó ẹ bá gbé ọbẹ̀ síwájú ẹ, ṣé o máa ń rí ẹran inú ẹ̀?"

Ìgbìmọ̀ eré ìlú tiẹ̀ ṣe òfin nítorí rẹ̀: tí àwọn èrò ẹgbẹ́ kan bá bú rẹfirí, kí wọ́n fún ẹgbẹ́ kejì ní jíjù ọ̀fẹ́, kí ẹnì kan dá dúró kó ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n láìsí ẹni tó máa dí i lọ́wọ́. Rẹfirí kò lo òfin náà rí. Ṣe ló máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Kò tiẹ̀ gbójú sókè wo ibi tí ohùn ti ń wá.

Èyí kò tó Múní. Ó ti pinnu pé ní Sátidé yẹn, òun á fi fóònù ya gbogbo àṣìṣe rẹfirí, òun á sì fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀. Nítorí náà ló ṣe ki ṣájà bọ iná kó tó lọ sùn. Fóònù náà sì kún fọ́fọ́ nígbà tó yọ ọ́ láàárọ̀, tó fi ń wá ẹni tó máa tún fíríìsà ṣe.

Ó kọ́kọ́ pe ẹni tó máa ń bá a tún un ṣe.

"Àǹtí Múní, mo ti wà lọ́nà. Mo ti dé oríta," ni ẹni yẹn wí. Àkùkọ ń kọ létí fóònù rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń bi í bóyá kó gbé ẹ̀kọ wá bá a lórí ibùsùn. Múní dúró títí oòrùn fi mú. Oríta yẹn kò gbé e dé.

Ó pe ilé iṣẹ́ tó ṣe fíríìsà. Ohùn kan ní kó tẹ oókan, ó tẹ ẹ́. Ó ní kó tẹ èjì, ó tẹ ẹ́. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin fún un.

"Ẹja ń yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, orin lẹ ń kọ," ni Múní wí. Orin ò dáhùn. Nígbà tí èèyàn gidi máa fi gbé e, ohun tí ẹni yẹn fẹ́ mọ̀ ni bí Múní ṣe gbádùn ìpè náà sí. Kó tó ṣí ẹnu, wọ́n ti gé e.

Bàbá Ọdẹ́jìnmí, onílé rẹ̀, ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá yìí náà ló máa ń jókòó tì í ní pápá, tó máa ń ta á lólobó bí èébú bá fẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀.

"Múní, ọkùnrin kan wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, Tìámíyù ń jẹ́. Kò sí fíríìsà tó kú tí kò lè jí."

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò ti sọ ọ́ láti àárọ̀?"

"O ò bi mí. Ìwọ àti olórin lẹ jọ wà."

Múní ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, ó sáré. Ó bá ọkùnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà, tó ń so okùn bàtà rẹ̀, àpótí irinṣẹ́ wà lẹ́yìn ọ̀kadà náà. Ọkùnrin náà nàró. Ẹ̀wù onílà dúdú àti funfun ló wọ̀. Fèrè ń fì lọ́rùn rẹ̀.

Rẹfirí gan-an ni. Láti ọjọ́ tó ti ń bú ọkùnrin yìí, kò béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Afọ́jú ló mọ̀ ọ́n sí. Àmọ́ ó rántí pé rẹfirí kì í wo ibi ìjókòó. Ohùn òun ló mọ̀, kò mọ ojú òun. Ni Múní bá kó gbogbo ohùn rẹ̀ sínú imú, ó wá tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ.

"Ẹ kú ọ̀sán, Bọ̀dá. Fíríìsà mi ló kú."

"Kí ló ṣe ohùn ẹ, arábìnrin?"

"Òtútù ni, Bọ̀dá. Ẹja tútù ni mò ń tà."

"Pẹ̀lẹ́. Ṣé iná ń dé inú fíríìsà náà?"

"Iná wà nílé dáadáa, Bọ̀dá. Gílóòbù ń tàn."

Tìámíyù wo oòrùn. "Mo fẹ́ lọ fọn fèrè fún Ìta-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti Òkè-Ata ni. Tí mo bá ti fọn ti ìkẹyìn, ilé ẹ ni màá kọ́kọ́ yà. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kan ń retí mi ní Ìjẹ̀bú, fíríìjì oògùn wọn ló kú. Tí àwọn ọmọ yìí bá jẹ iye kan náà, tá a ní láti fi àkókò kún eré, mi ò ní lè yà mọ́. Ó di ọ̀la."

"Ọ̀la kẹ̀?" Ohùn náà fẹ́ já bọ́ látinú imú, Múní tètè fà á padà. "Ọ̀la á ti pẹ́ jù, Bọ̀dá."

"Máa gbàdúrà kí eré má gùn. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń fi ariwo fa eré gùn. Ọlọ́run má jẹ́ kó wá lónìí."

"Àmín, Bọ̀dá," ni Múní wí.

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, gbogbo èrò Ìta-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yíjú sí Múní pé kó ṣí i. Múní ń wo ilẹ̀. Rẹfirí fọn fèrè, ó ní Gbádébọ̀ gbá ẹnì kan lọ́wọ́. Gbádébọ̀ ló mọ bọ́ọ̀lù í gbá jù nínú àwọn ọmọ wa, afẹ́fẹ́ lásán ló sì gbá.

"Múní," ni Bàbá Ọdẹ́jìnmí wí, "ṣé o rí ìyẹn?"

"Mo rí i, Bàbá. Ó ṣe é dáadáa."

"Ta ló ṣe é dáadáa?"

"Rẹfirí."

Bàbá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. "Ara ẹ ò gbóná," ni ó wí. "Á jẹ́ pé ó ju ibà lọ."

Bọ́ọ̀lù fò kọjá ọgbà, ó bọ́ sínú oko ẹ̀gẹ́. Kí àwọn ọmọ tó wo ara wọn lójú, Múní ti wọ inú oko, ó ti gbé bọ́ọ̀lù jáde, ewé ẹ̀gẹ́ wà lórí gèlè rẹ̀. Omi dà sílẹ̀ lójú pápá, rẹfirí dá eré dúró. Múní tú ìborùn rẹ̀, ó fi nu ilẹ̀. Ọmọ Òkè-Ata kan ṣubú, ó di orúnkún mú, ó ń yí gbiri. "Dìde, ọkọ mi," ni Múní fi ohùn imú wí, "orúnkún kì í pa èèyàn." Àwọn èrò Òkè-Ata bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn ará Ìta-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò pàtẹ́wọ́.

Eré kù díẹ̀ kó parí. Òkè-Ata fi àmì méjì péré ṣíwájú. Tí wọ́n bá pàdánù báyìí, ó máa dun Múní dé egungun, ṣùgbọ́n ẹja á là. Ó ń gbàdúrà kí Ìta-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pàdánù, ó sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí Ọlọ́run nìkan gbọ́. Gbádébọ̀ gba bọ́ọ̀lù. Ó yí apá ọ̀tún, ó yí apá òsì. Aago lu. Ó jù ú. Bọ́ọ̀lù wọ agbọ̀n.

Ṣé aago ló ṣáájú ni, àbí bọ́ọ̀lù? Gbogbo pápá yíjú sí rẹfirí. Tìámíyù ronú, ó na ìka méjì sókè. Ó kà á fún Ìta-Ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó di ọgbọọgba. Wọ́n á fi àkókò kún un.

Ìta-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ fò sókè. Ó ti pẹ́ tí rẹfirí ti ṣe wọ́n lóore gbẹ̀yìn. Àárín ìdùnnú yẹn ni ohùn Múní já bọ́ látinú imú, gbogbo rẹ̀ pátá.

"Rẹfirí, gíláàsì ẹ dà? Aago ti lu kí ọmọ yẹn tó jù ú. Ó ṣì gbé bọ́ọ̀lù dání bí ìyá ìkókó nígbà tí aago lù. Afọ́jú lásánlàsàn."

Tìámíyù yíjú sí ibi ìjókòó, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ń fọn fèrè. Kò bínú. Ó wò ó bí ẹni tó ti ń wá ibi tí gáàsì ti ń jò lára fíríìjì, tó wá rí i.

"Ìwọ ni," ni ó wí. Ó gbé fèrè sẹ́nu, ó fọn ọ́n. "Lónìí, mo gbọ́. Jíjù ọ̀fẹ́ fún Òkè-Ata."

Ọmọ Òkè-Ata jù ú, ó wọlé. Eré parí síbẹ̀.

Ìta-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yíjú sí Múní.

"Múní, èló ni Òkè-Ata fi rà ẹ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹja ni."

"Wọ́n fi ẹja rà á," ni ẹnì kan kígbe lẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká ọwọ́ ẹ̀wù, Múní ká ìró, ó sáré, ó fò sẹ́yìn ọ̀kadà rẹfirí.

"Bọ̀dá," ni ó fi ohùn imú wí.

"Fi ohùn ẹ sọ̀rọ̀."

"Ẹja ń yọ́, ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Dì mí mú."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ìta-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe fi ojú ara wọn rí agbẹnusọ wọn tó fọwọ́ gbá rẹfirí mú ní ìbàdí, tí àwọn méjèèjì gba ẹnu géètì lọ. Wọ́n tẹ̀ lé wọn tìbínútìbínú.

Nílé, Tìámíyù gbé àpótí irinṣẹ́ sílẹ̀, àmọ́ kò ṣí i. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn fíríìsà, ó wo ara ògiri, ó tún wo ẹ̀yìn fíríìsà. Ṣájà fóònù ló wà lójú iná. Okùn iná fíríìsà nà gbalaja sílẹ̀ bí ejò tí wọ́n fọ́ lórí.

"Ta ló fa èyí yọ?"

Múní rántí pé òun na ọwọ́ sẹ́yìn nínú òkùnkùn, òun fa ohun tí òun rò pé ó jẹ́ ti tẹlifíṣọ̀n.

"Èmi ni, Bọ̀dá."

"Kí lo fẹ́ fi fóònù ṣe tí kò lè dúró di àárọ̀?"

Bàbá Ọdẹ́jìnmí tó ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èrò lẹ́yìn bá a dáhùn. "Ó fẹ́ fi ya àṣìṣe rẹ ni, ọ̀gá."

Tìámíyù yọ ṣájà, ó ki fíríìsà bọ iná. Fíríìsà húkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Lẹ́yìn náà ló gbé fèrè sẹ́nu, ó fọn ọ́n nínú yàrá níbẹ̀, ó na ìka sí Múní.

"Fàùlù."

Àwọn tó wá jà di ògiri mú. Gbádébọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí ìjà.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi èyí sọ́kàn," ni Bàbá Ọdẹ́jìnmí wí. "Ẹni tí ẹja rẹ̀ ń yọ́ kì í bá rẹfirí jà."

"Bàbá, tó bá jẹ́ pé ó ti ń bá a jà kí ẹja tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ńkọ́?" ni Gbádébọ̀ bi í.

"Ìjà yẹn gan-an ló ń yọ́ ẹja náà."

Ẹja ìsàlẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ti òkè, Múní dín in ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó pín in fún àdúgbò, ẹnu tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ni wọ́n fi dárí jì í. Wọ́n di ti Tìámíyù sínú ọ̀rá fún un, ó gbé e dání lọ sí Ìjẹ̀bú. Múní ṣì ń lọ sí pápá ní gbogbo Sátidé. Tí rẹfirí bá ṣe àṣìṣe, tí àwọn èrò yíjú sí i, á kọ́kọ́ bi Bàbá Ọdẹ́jìnmí bóyá fíríìsà òun ń kùn nígbà tí wọ́n jáde nílé. Tí Bàbá bá ní ó ń kùn, a jẹ́ pé rẹfirí wọ gàù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà dòní nìyẹn. Òkè-Ata ló borí lọ́jọ́ yẹn, rẹfirí ò tíì ra gíláàsì, fíríìsà Múní ń kùn, ẹni tí ẹja rẹ̀ ń yọ́ kì í sì í bá rẹfirí jà.