Fọ́ọ̀mù Bọ́láwárìn

"Lọ́dọ̀ tèmi o, kílò kì í dúró. Sísá ló ń sá."

Bọ́láwárìn ló sọ bẹ́ẹ̀, ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta, lójú gbogbo àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún nítorí sísanra ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Jericho. Ó dìde dúró kó tó sọ ọ́. Ó ki ọwọ́ kan bọ àpò ṣòkòtò tó ti ń bọ́ nídìí rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n sókè, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò fún kàlẹ́ńdà.

A ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó ní ìdí tó fi ń fọ́nnu. Lọ́dún tó kọjá, tí ọkùnrin yìí bá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Challenge, kẹ̀kẹ́ ti kún nìyẹn. Tó bá fi ìdí lé apá ọ̀tún, táyà apá òsì á máa wo ojú ọ̀run. Kílò 148. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì wá ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ìyàwó rẹ̀, Àrìnpé, fà á lọ́wọ́ lọ sí Jericho. Àwọn dókítà gé àpò oúnjẹ inú rẹ̀ kù, ó ṣẹ́kù bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan. Láti ìgbà náà ni kílò ti ń já bọ́ lára rẹ̀, wọ́wọ́wọ́, bí ewé nínú ọyẹ́. Nígbà tí yóò fi di Sátidé tí à ń wí yìí, ó ti di 104.

Ẹni tó ń fọ́nnu sí ni Alàájì Àjàgbé, bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń ta bàtà ní Dùgbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni Alàájì ti wà lórí 112, kò lọ síwájú, kò bọ̀ wá sẹ́yìn. Ìṣọ́raolúwa, ọmọbìnrin tó ń mójú tó oúnjẹ gbogbo wọn, tí wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀sì bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ti ṣàlàyé pé kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ara tó ti ń fò fẹ̀rẹ̀ láti oṣù bíi mélòó kan á fẹ́ mí kanlẹ̀ díẹ̀, ló bá dúró. Ó ní bíi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ni, pé tí èèyàn bá fara balẹ̀, tó ń jẹ ohun tó yẹ, tó sì ń rìn, ọ̀nà á là.

Ìgbà yẹn gan-an ni Bọ́láwárìn dìde.

Kò sì fi mọ síbẹ̀. Ó yíjú sí bàbá.

"Alàájì, ẹ lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín dáadáa. Ó jọ pé ìkòkò ìrẹsì kan wà níbẹ̀."

Alàájì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò burú, Bọ́lá. Ojú wa ni yóò ṣe."

Lẹ́yìn èyí ni dókítà wá kéde pé lóṣù kẹfà, àwọn tuntun méjìlá tí wọn ò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ máa wá jókòó pẹ̀lú wọn, pé òun fẹ́ kí ẹnì kan láàárín wọn bá àwọn yẹn sọ̀rọ̀ ìyànjú. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ti wà nísàlẹ̀ kílò ọgọ́rùn-ún. Dókítà ò tíì dé ìparí ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ Bọ́láwárìn fi wà lókè. Kílò márùn-ún péré, ó ní tí òun bá sín lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti lọ.

Ó sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tẹ ẹ̀gbọ́n Àrìnpé láago ní Àkúrẹ́. Ó sọ fún mẹkáníìkì tí kò béèrè. Ó lọ rán búbá àti ṣòkòtò tuntun, ó ní kí télọ̀ rán an fún ẹni kílò 95, pé kó má wo òun tó wà níwájú rẹ̀ yìí rárá.

Oṣù kẹrin dé. Ó gun òṣùwọ̀n, gbì.

104.

Ó bọ́ bàtà. 104. Ó bọ́ aago ọwọ́, ó bọ́ bẹ́líìtì, ó kó kọ́kọ́rọ́ jáde lápò, ó fẹ́ gbogbo èémí inú rẹ̀ síta, fùùùù.

104.

Ó ní òṣùwọ̀n ilé ìwòsàn ti gbó ju bó ṣe yẹ lọ, ó ti di arúgbó. Ó lọ wọn ara rẹ̀ ní ilé oògùn kan ní Ring Road, 104. Ní iléeṣẹ́ bísíkíìtì ní Olúyọ̀lé, níbi tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí, ó dúró kí gbogbo èèyàn lọ jẹun ọ̀sán, ó wá gun òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn àpò ìyẹ̀fun. Ẹ̀rọ náà kùn, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó pọ ìwé pélébé kan jáde: ÌYẸ̀FUN, 104. Inú rẹ̀ ò dùn pé wọ́n pè é ní ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n iye yẹn ló dùn ún jù.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Láràárọ̀, kí oòrùn tó mú, á fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé rẹ̀ ní Bódìjà dé Agbowó, á sì rìn padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n á dúró níwájú àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì, wọ́n á máa kí i pé, "Daddy, you dey try." Òun náà á juwọ́ sí wọn, òógùn á máa ṣàn lára rẹ̀ bí páìpù tó bẹ́. Tó bá dé ilé, á wá nǹkan tútù díẹ̀ fi tu ọ̀fun lójú.

Oṣù karùn-ún, 104.

Ohun tó wá rú Nọ́ọ̀sì lójú ni pé kò sẹ́ni tó ń ṣe dáadáa tó Bọ́láwárìn. Nọ́ọ̀sì ti tẹ fọ́ọ̀mù kan fún gbogbo wọn, ó kọ ọ́ ní Yorùbá kó lè yé tèwe tàgbà. Lókè rẹ̀ ló ti kọ ọ́ gàdàgbà: OHUN TÍ MO JẸ LÓNÌÍ. Ojoojúmọ́ ni Bọ́láwárìn ń kọ tirẹ̀ kún, ó fi rúlà fa ìlà sí i, lẹ́tà rẹ̀ tò bí eyín àgbàdo. Àárọ̀, ẹyin kan. Ọ̀sán, ẹja kékeré kan. Alẹ́, ẹ̀wà ṣíbí mẹ́ta. Kò fi ẹyọ kan parọ́. Nọ́ọ̀sì lẹ fọ́ọ̀mù náà mọ́ ògiri kí àwọn yòókù máa wò ó kọ́ṣe. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ṣe àyẹ̀wò ọ̀fun rẹ̀, ó kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ kan ní ìlú òyìnbó. Ọ̀gá náà dá a lóhùn pé òun ò rí irú rẹ̀ rí.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà pé. Àwọn tuntun méjìlá jókòó, àwọn àga ń kérora lábẹ́ wọn, kẹ́ẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́ẹ́. Bọ́láwárìn wọlé pẹ̀lú Àrìnpé, ó wọ aṣọ tuntun. Kò jókòó. Ṣòkòtò ò gbà.

Wọ́n ní kó gun òṣùwọ̀n.

105.

Alàájì Àjàgbé gun tirẹ̀, jẹ́jẹ́, ó dúró bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. 98.

Dókítà fi ọwọ́ júwe àga iwájú fún Alàájì. Bí bàbá ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ́láwárìn, ó rọra tẹ̀ sí i létí. "Bọ́lá, ìwọ náà ò wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni?"

Ojú Bọ́láwárìn pọ́n. Àánú rẹ̀ ṣe Nọ́ọ̀sì, ó dìde láti gbèjà rẹ̀. Ó sọ fún àwọn tuntun pé kí wọ́n má rò pé ọkùnrin yìí ò gbìyànjú, pé kò sẹ́ni tó kó ẹnu rẹ̀ ní ìjánu tó o ní gbogbo Jericho. Ó já fọ́ọ̀mù kúrò lára ògiri, ó kà á sí wọn létí: ẹyin kan, ẹja kékeré kan, ẹ̀wà ṣíbí mẹ́ta.

Gbogbo wọn mí kanlẹ̀. Màmá Adéróunmú, ọ̀kan nínú àwọn tuntun, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jókòó síwájú pátápátá, fi ọwọ́ lé àyà.

"Ebi ò wá ń pa ọ́ báyìí, ọmọ mi?"

"Rárá o, Mà," ni Bọ́láwárìn dáhùn, ó ń gbìyànjú láti fi màmá lọ́kàn balẹ̀. "Gàrí tí mo ń mu kì í jẹ́ kí ebi mọ ilé mi."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí i.

"Gàrí wo, Sà?"

"Gàrí Ìjẹ̀bú."

"Kò sí gàrí nínú fọ́ọ̀mù yín."

"Báwo ló ṣe máa wà níbẹ̀? Mi ò jẹ ẹ́. Mo mu ún ni."

Nọ́ọ̀sì fa àga súnmọ́ ọn, ó rọra bi í bó ṣe ń mu ún. Bọ́láwárìn ṣàlàyé pé gẹ́gẹ́ bí Nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ àwọn náà ni, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí tíì, kó má baà fún àpò oúnjẹ mọ́. Tó bá po jọ́ọ̀gì kan láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á máa bù ú sẹ́nu títí wọ́n á fi ka ìròyìn alẹ́ tán. Ó ní òun kì í sì í fi ṣúgà sí i púpọ̀, kó ṣáà ti dùn.

"Ẹ̀pà ńkọ́?"

"Ìyẹn, mo máa ń jù ú sẹ́nu ni."

"Ọsàn?"

"Mímu."

"Mélòó?"

"Méje. Wọn ò tóbi."

"Mọ́ọ̀tì?"

"Nọ́ọ̀sì, ṣé wọ́n ń jẹ mọ́ọ̀tì ni?"

"Áísìkiriìmù, Sà?"

"Lílá. Agbowó nìkan sì ni, tí mo bá rìn débẹ̀."

Àrìnpé tó ti ń wo ilẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n wọlé gbójú sókè. "Bísíkíìtì iléeṣẹ́ ńkọ́, Bàbá Ẹwà?"

"Títọ́wò nìyẹn. Iṣẹ́ ni. A ò lè máa kó ẹrù tí a ò mọ adùn rẹ̀ jáde."

Nọ́ọ̀sì bi Àrìnpé bóyá gbogbo èyí ń ṣojú rẹ̀. Àrìnpé ní ojú òun ló ń ṣe, òun rò pé Nọ́ọ̀sì ló fọwọ́ sí i, nígbà tí wọ́n ń lẹ fọ́ọ̀mù rẹ̀ mọ́ ògiri fún aráyé.

Màmá Adéróunmú ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Kẹ̀ẹ̀! Àwọn mọ́kànlá yòókù tẹ̀ lé e, àga tó ń kérora tẹ́lẹ̀ wá ń jó. Dókítà kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Alàájì Àjàgbé ṣí fìlà, ó fi ń nu ojú. Ó ní ẹ̀rín ń pa òun, kí wọ́n bá òun gbé omi wá, pé mímu lòun fẹ́ mu ún o, òun ò ní jẹ ẹ́.

Bọ́láwárìn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yìí ò pa á lẹ́rìn-ín rárá, ó dá a lójú pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ni.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. 'Jẹ' lẹ bi mí. Ohun tí ẹ bi mí ni mo dáhùn. Ká ní ẹ bi mí ní 'mu' ni, ǹ bá ti sọ ọ́ láti oṣù kẹta."

Nọ́ọ̀sì wo fọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ṣàùn, ṣàùn. Kí Alàájì tó parí ọ̀rọ̀ ìyànjú rẹ̀, fọ́ọ̀mù tuntun ti dé ọwọ́ oníkálukú, ewé mẹ́rin-mẹ́rin: GBOGBO OHUN TÓ GBA ẸNU MI WỌLÉ LÓNÌÍ, ÌBÁÀ ṢE JÍJẸ, MÍMU, LÍLÁ, FÍFÀ, JÍJÙ SẸ́NU TÀBÍ TÍTỌ́WÒ. KÍ ẸNI TÓ BÁ ṢIYÈMÉJÌ KỌ Ọ́ SÍLẸ̀.

Àtàárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ tí kì í dárúkọ ẹni tó fà á. Títí dòní, tí aláìsàn bá dé orí káńtà ilé ìwòsàn náà, "Ẹ fún mi ní fọ́ọ̀mù Bọ́láwárìn" ló ń wí.

Bọ́láwárìn ò jiyàn mọ́. Ó fi rúlà fa ìlà sí tirẹ̀, ó ń kọ. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ó kọ ọ́ pé: "Omi ìfọnu, díẹ̀ ṣèèṣì wọlé." Lọ́jọ́ Fúráìdeè: "Kòkòrò kan, lórí ọ̀kadà, Ring Road. N kò pè é." Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, òṣùwọ̀n ní 102, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Bódìjà. Bọ́láwárìn kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó gbà á, ó padà sí àga rẹ̀, ó tẹ orí ba. Àrìnpé rò pé àdúrà ló ń gbà. Ó la ojú kan.

Ọkọ rẹ̀ ti tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí ìwé orin, bírò ń lọ wúyẹ́wúyẹ́: "Búrẹ́dì, ẹyọ kan, pẹlẹbẹ. Wáìnì, ó kan ètè."

Ó ronú díẹ̀, ó wá fi kún un.

"N kò tọrọ ẹ̀kejì."