Ìlù Ńlá Baálẹ̀ Gensaburo

Ṣé ẹ ti bi ara yín rí ìdí tí àwọn àgbà kan ní ilẹ̀ Japáànì fi ń pa á lówe pé, ẹni tó bá fẹ́ lu ìlù ńlá, kó kọ́kọ́ ka abọ́ ilé rẹ̀? Ẹ fara balẹ̀. Ìlù àti abọ́ kò jìnnà síra wọn tó bí ẹ ṣe rò.

Ní abúlé Tanigawa, ìlù ló ń pa ààlà. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá dé lọ́jọ́ ọdún ìkórè, ilẹ̀ abúlé ni. Ẹni tó bá sì gbọ́ ọ, ọmọ abúlé ni; baálẹ̀ gbọ́dọ̀ fún un ní ìrẹsì jẹ. Onílù kò sì gbọdọ̀ dáwọ́ dúró títí gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ yóò fi jẹun.

Gensaburo, baálẹ̀ ibẹ̀, ń ṣojúkòkòrò sí igbó ọparun àwọn ará Hosono tó wà lódìkejì odò. Ṣùgbọ́n ìlù àtijọ́ kì í dún kọjá odò. Ló bá ní kí wọ́n gé igi tó tóbi jù lórí òkè. Wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, wọ́n fi awọ màlúù bo ojú rẹ̀ méjèèjì, àwọn ọkùnrin sì gun orí awọ náà, wọ́n ń fò lé e títí tó fi le koko.

Otsune ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, ìwọ̀nba abọ́ abúlé yìí la ní o."

"Ṣé abọ́ ni mo ní kí wọ́n lù ni?"

Lọ́jọ́ ọdún, Heikichi onílù ya ẹsẹ̀, ó gbé ọ̀pá méjì tó ki bí ọmọ odó sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n rán lọ sínú igbó ọparun fi aṣọ funfun juwọ́ láti ọ̀hún: ó ti gbọ́!

"Igbó ti di tiwa!" Baálẹ̀ fò sókè.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kanlẹ̀ tí gbogbo Hosono fi tú jáde láti inú igbó náà, tọmọdé tàgbà. Mankichi, àgbà wọn, tẹrí ba.

"Ẹ kú ọdún o, baálẹ̀ wa. A gbọ́ ìlù."

"Igbó ni mo fẹ́! Ta ló pè yín?"

"Igbó ò létí, baálẹ̀. Àwa la bá a gbọ́ ọ."

Otsune bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ. Bí àwọn wọ̀nyí ṣe ń jẹ, ìlù ń dún. Bí ìlù ṣe ń dún, àwọn tó ń sun èédú sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Àwọn yẹn kò tíì yó tí àwọn apẹja fi dé láti etí òkun. Ọ̀dọ́kùnrin kan tiẹ̀ pọn bàbá rẹ̀ tó dití wá.

Baálẹ̀ figbe ta: "Èyí ò gbọ́ nǹkan kan!"

"Òótọ́ ni, baálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí wọn gbọ́ ọ lórí ẹní."

Abọ́ tán. Wọ́n bu ìrẹsì sínú ewé, sórí ọmọrí ìkòkò, sórí bàtà onígi tí wọ́n fọ̀. Otsune ní irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ nìkan ló kù nínú àká. Gensaburo sáré lọ bá onílù.

"Heikichi, dáwọ́ dúró, mo bẹ̀ ọ́!"

"Òfin yín ni, baálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun tán ná."

Ọwọ́ Otsune ti wà lẹ́nu àpò irúgbìn nígbà tí afẹ́fẹ́ yí padà, tó ń gbé ohùn ìlù lọ sójú òkun. Àlejò kò dé mọ́. Gbogbo èèyàn jẹun tán. Heikichi ṣì ń lù.

Baálẹ̀ bi í pé, "Kí ló tún kù?"

"Ó ku ẹnì kan tó gbọ́, tí kò tíì jẹ."

Gbogbo ojú yí sí baálẹ̀. Láti àárọ̀ ni kò ti fi nǹkan kan ẹnu. Otsune ha ìrẹsì tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò, ó wá abọ́ títí, kò rí. Ló bá ṣí fìlà oyè lórí ọkọ rẹ̀, ó dà á sí i, ó sì gbé e fún un. Baálẹ̀ jẹ ẹ́ tán. Ìlù dákẹ́.

Ní ọdún kejì, ìlù àtijọ́ ni wọ́n lù, jẹ́jẹ́. Gensaburo sì ti ránṣẹ́ sí Hosono ṣáájú: "Tiyín ṣì ni igbó yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí etí yín náà wà lọ́dọ̀ yín."

Ìdí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ lu ìlù ńlá, kó kọ́kọ́ ka abọ́ ilé rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó dé fìlà tó jinnú.