Sùtánà Mi àti Bakitéríà Ẹlẹ́wù Méjì

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí irun mi á fi funfun. Bí irun ọ̀hún bá tiẹ̀ máa funfun o, torí aró ọjọ́ yẹn!

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama, mo gba báàkì, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Ilé àyẹ̀wò kékeré kan ní Savalou ní kí n wá fi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ kí wọ́n wò mí. Bí mo bá mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n á gbà mí fún sitáàjì, kí n máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ìyá mi ò dúró gbọ́ àbájáde. Ó ti lọ sọ ní ìjọ wa ní Bantè pé ọmọ òun ti di dókítà, kí wọ́n bá òun ṣe ìdúpẹ́ ní aago mẹ́rin ọjọ́ náà gan-an. Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa. Mo bá wọ sùtánà tuntun mi láti ilé, kí n lè ti ibi iṣẹ́ gba ìjọ lọ tààrà. Ẹ ẹ̀ rí ọgbọ́n!

Tanti Rafiatu ló ni ilé àyẹ̀wò náà. Bí mo ṣe wọlé báyìí, ó na blúsì kan, ẹ̀wù àwọ̀lékè ilé àyẹ̀wò, sí mi. "Wọ èyí lé e." Blúsì ọ̀hún gùn, ó ti ṣá, á sì bo gbogbo ẹwà sùtánà mi. Mo rọra fi kọ́ ìṣó.

"Ó dáa, madimasẹ́ẹ̀lì. Kí ni Gram négatif?"

Ṣé èmi ni wọ́n ń bi! "Bakitéríà tí kò wọn gíráàmù kan ni, Tanti. Kódà, kò wọn tó òdo."

Ó wò mí. "Tá a bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n á wá máa gòkè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Tanti."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Àṣé orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ pa bakitéríà láró lọ́nà yẹn ni Gram, kì í ṣe ti ìwọ̀n rárá! Ó wá là á yé mi. Oríṣi kan wà tó wọ ẹ̀wù kan tó nípọn. Tó bá ti mu aró elésè àlùkò, kì í tú u sílẹ̀ mọ́. Ẹ̀wù ti Gram négatif fẹ́lẹ́, àmọ́ ó tún wọ òmíràn lé e lóde, èyí tó lọ́ràá. Ẹ̀wù òde yẹn ní ilẹ̀kùn kéékèèké: oúnjẹ á wọlé, oògùn púpọ̀ á dúró síta. Tá a bá da ọtí sí i, ọ̀rá yẹn á yọ́, aró á ṣàn jáde, àá wá fi aró pupa kùn ún.

"Lọ ṣe é kí n rí. Tó o bá ṣe tán, fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún mi. Mi ò fẹ́ Faransé inú kàyé ilé ìwé."

Mo fi aró elésè àlùkò kun bakitéríà orí dígí, mo da ọtí sí i, mo wá yíjú sí ìgò aró náà tí mo fẹ́ dé. Ìgò yọ̀ lọ́wọ́ mi, aró dà sí mi lára. Pàà! Láti àyà dé orúnkún. Orí mi ṣiṣẹ́ kíá: ṣebí ọtí ló ń yọ aró? Mo bu ọtí lé àyà. Àṣé òwú kì í ṣe bakitéríà! Aró ò jáde, ńṣe ló ń rìn. Níbi tí mo ti ń bá aṣọ jà, mo gbàgbé ọtí sórí dígí. Nígbà tí mo fi aró pupa kùn ún, tí Tanti fojú sí ẹ̀rọ awò, gbogbo rẹ̀ ti pupa, títí kan àwọn ẹlẹ́wù nínípọn.

"Ọtí ti pẹ́ jù lórí wọn, o ti sọ gbogbo wọn di négatif," ló wí.

Mo sáré kí n wò ó, ìgúnpá mi gbá ìgò aró pupa. Sára sùtánà kan náà.

"Máa lọ ilé. Tó o bá padà wá ní Lọ́ndì, ọjọ́ Ajé, tí kò yé ọ, má wulẹ̀ wọlé."

Nínú táàsì, bàbá kan tó ń lọ Pira gbóòórùn ọtí lára mi, ó sún mọ́ fèrèsé. "Ọmọ aládùúrà, ọ̀sán ṣì ni o!"

Ẹ jọ̀ọ́, ní ìjọ wa, a kì í mu ọtí, a kì í wọ pupa. Èmi rèé lẹ́nu ọ̀nà, mò ń rùn bí ilé ọtí, pupa wà láyà mi. Bàbá Olùṣọ́, olórí ìjọ wa, na ọwọ́ dá mi dúró.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ọtí? Pupa? Nínú sùtánà?"

"Mo kú o!" Ìyá mi ti di orí mú. "Dókítà mi dà?"

Ẹkún gbọ̀n mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ní èdè Bantè wa: ẹ̀wù nínípọn, ẹ̀wù ọlọ́ràá, ilẹ̀kùn tí kì í jẹ́ kí oògùn wọlé, ọtí tó ń yọ́ ọ̀rá. Ìyá àgbà kan já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Kòkòrò tí ojú ò rí, tí kò lọ ilé ìwé, wọ ẹ̀wù òde. Ìwọ tó gba báàkì, tìẹ dà?"

"Ó… ó wà lórí ìṣó, Ìyá."

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín! Bàbá Olùṣọ́ fúnra rẹ̀ kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìta ni mo dúró, lójú fèrèsé, nínú ìró tí wọ́n yá mi, títí wọ́n fi ṣe ìdúpẹ́ mi tán.

Ní Lọ́ndì, ohun tí mo sọ fún ìjọ náà ni mo sọ fún Tanti, mi ò fo ìbéèrè Ìyá àgbà. Ó já blúsì lórí ìṣó, ó jù ú sí mi.

"Wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ wà nílẹ̀."

Mo wọ̀ ọ́! Mo di bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, inú mi dùn débi pé mo di í lódì. Látọjọ́ náà, kí n tó fọwọ́ kan ìgò, mo ti wọ ẹ̀wù òde ná. Bakitéríà ló kọ́ mi. Àmọ́ àwọn ará ìjọ ò gbàgbé o. Títí dòní, tí mo bá wọlé, Ìyá àgbà á ní, "Ẹ yàgò fún Dókítà Ẹlẹ́wù Kan!" Kí ni mo lè ṣe? Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.